Aṣọ Ìbora Tó Wúwo Kọ́ Ló Ń Lé Òtútù

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn àwọn ọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì. Ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó kàn wá, torí pé gbogbo wa la ń sùn, gbogbo wa ni òtútù ń mú, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń di ohun tí a fi ń bú ara wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ìwé tí wọ́n máa ń fún àwọn òbí kí ọmọ tó wọlé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn wá. Àwọn tí òbí wọn lówó á ra èyí tó tóbi, onírun, tó ní àwòrán kìnnìún tàbí òdòdó lára, tó wà nínú báàgì onírọ́bà tó ní síìpù. Àwọn míì ò rí i rà. Ìró màmá wọn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n kó wá. Tí iná bá ti kú lálẹ́, ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan á máa pè wọ́n ní "ọmọ ìró". Ọmọ JS1 mìíràn wà tó jẹ́ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òtútù máa gbọ̀n ọ́n ju kí ó fa ìró yẹn bo ara lójú àwọn tó ń wò ó lọ.

Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ò mọ ohun tó ń mú ara móoru. Mo sì gbà pé ó yẹ kí ìwé ẹrù yẹn náà yí padà. Kì í ṣe wíwúwo ló yẹ ká máa wá nínú aṣọ ìbora. Afẹ́fẹ́ tí aṣọ náà lè dì mú ló yẹ ká máa wá. Màá ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òtútù Minna. Ọ̀pọ̀ òbí tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn gbà pé ooru nìkan ló wà ní Òkè Ọya. Nígbà tí ọmọ bá pè wọ́n nínú oṣù Kejìlá pé òtútù ń pa òun, wọ́n á ní, "Òtútù wo? Ní Minna?" Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Ọyẹ́ tó ń dé Èkó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Àwa la ń gba tiwa ní tútù. Atẹ́gùn yẹn ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ sì ń wá láti ibì kan tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ sí láyé àtijọ́. Atẹ́gùn náà gbẹ táútáú. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run tó máa bo ilẹ̀, kò sì sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ tó máa dá ooru dúró. Gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á fò lọ sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí a fi ń làágùn ní aago méjì ọ̀sán, tí eyín wa á sì máa lu ara wọn ní aago márùn-ún àárọ̀, nígbà tí ìgbóná ti wálẹ̀ kọjá 20°C.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ọdún. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ni ọyẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá di oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ta ló fẹ́ fi nǹkan bora ní Minna? Àwa la máa ń tú fóòmù sílẹ̀ ká lọ sùn sórí sìmẹ́ńtì. Búláńkẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn á wá di ẹrù. Kò wọ inú lọ́kà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò wà, á máa gba eruku, ìdun á sọ ọ́ di ilé. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée nínú wa mọ ohun tí eruku inú búláńkẹ́ẹ̀tì onírun máa ń ṣe fún àyà.

Ó yá, kí ló ń mú ara móoru gan-an? Aṣọ ìbora kì í ṣe iná. Kò ní ooru kankan nínú. Tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì látàárọ̀ dalẹ́, kò ní mú tábìlì gbóná. Ara wa ni iná. Iṣẹ́ aṣọ ìbora ni pé kó má jẹ́ kí ooru ara wa sá lọ. Ẹ wo àwọn tó ń ta yìnyín. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sọ́jà, wọ́n á fi àpò àti aṣọ wé e. Tó bá jẹ́ pé aṣọ ló ń mú nǹkan gbóná ni, ṣebí yìnyín yẹn á tètè yọ́? Kì í yọ́ kíá, torí pé aṣọ náà ò jẹ́ kí ooru ìta wọlé. Ilẹ̀kùn ni aṣọ, kì í ṣe àdògán.

Kí ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà? Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó bá dúró sójú kan kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Ẹ wo adìẹ ní àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ máa rí i pé ó máa ń fẹ ìyẹ́ rẹ̀ sókè, á dà bíi pé ó sanra ju ti àná lọ. Kò jẹun sanra. Afẹ́fẹ́ ló kó sáàárín ìyẹ́ rẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún ìwúwo ara rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ móoru. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Lábẹ́ ìyẹ́ ńlá, ní àyà ẹyẹ, àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ kan wà tó rọ̀ bí èéfín, tí kò ní egungun láàárín. Ìhùhù ni wọ́n ń pè é. Ti pẹ́pẹ́yẹ àti ti ẹyẹ ńlá tó dà bíi rẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní goose ló dára jù, torí pé inú omi tútù ni wọ́n ń gbé. Àwọn òyìnbó tó máa ń pọn ẹrù sẹ́yìn rin inú igbó àti orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ máa ń fi ìhùhù yìí kún aṣọ ìbora wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á wọn áúǹsì kan, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28, wọ́n á dà á sínú ohun gígùn kan tó ní ìlà ìwọ̀n lára, wọ́n á wo bó ṣe wú tó. Tí wọ́n bá ní ìhùhù kan jẹ́ 800, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé áúǹsì kan péré gba àyè tó tó lítà 13. Ẹ fi píọ́ wọ́tà wò ó: lítà 13 jẹ́ nǹkan bíi sáṣẹ́ẹ̀tì 26. Ó ju odindi àpò píọ́ wọ́tà kan lọ, torí pé 20 ló ń wà nínú àpò kan. Síbẹ̀ ohun tó gba gbogbo àyè yẹn ò wúwo tó ẹyin adìẹ kan! Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú aṣọ ìbora wọn ò fi tó kílò 1, tí ènìyàn sì lè fi sùn níbi tí omi ti ń di yìnyín. Búláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí àwa ń gbé wá lè tó kílò 4.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1922, àwọn òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gun Òkè Everest, òkè tó ga jù lọ láyé. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ George Finch, ọmọ Australia, onímọ̀ kẹ́místírì. Àwọn yòókù wọ kóòtù onírun àgùntàn àti aṣọ tó nípọn bó ṣe yẹ ọmọlúwàbí láyé ìgbà yẹn. Finch ní tirẹ̀ lọ rán kóòtù kan fúnra rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe bàlúùnù ńlá tó ń gbé ènìyàn fò ló fi ṣe ìta, ó sì fi ìhùhù ẹyẹ eider kún inú rẹ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè tí òtútù bẹ̀rẹ̀, kóòtù tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín náà wá di ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ń fẹ́. Finch àti ẹnì kejì rẹ̀, Geoffrey Bruce, tí wọ́n gbé ọ́síjìn dání, gòkè kọjá mítà 8,300. Kò sí ẹ̀dá kan tó tíì gun òkè dé ibẹ̀ rí ṣáájú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ yín ní "ọmọ ìró", ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣé mo wá ń sọ pé ká lọ ra ìhùhù ni? Rárá o. Àkọ́kọ́, ó wọ́n. Ẹyẹ eider tí mo dárúkọ yẹn, inú ìtẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á ní ilẹ̀ bíi Iceland, ó sì tó ìtẹ́ bíi 60 kí wọ́n tó rí kílò kan. Èkejì, ìhùhù kórìíra omi. Tó bá ti tutù, á lẹ̀ mọ́ra, á di gbẹ̀mù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, òtútù á sì wọlé. Ó tún máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àwa tí a ń fi búkẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ fọ aṣọ, tí òjò ń pa aṣọ wa lórí okùn láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ̀kẹta, òtútù Minna ò tó ìyẹn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó yẹ ká mú nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rin igbó ni ọgbọ́n wọn, kì í ṣe ọjà wọn.

Ọgbọ́n yẹn náà kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo igi àràbà, èyí tí a máa ń sọ pé kò wó mọ́ tí ojú fi ti ìrókò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ á là, òwú funfun á máa fò káàkiri. Òwú yẹn fúyẹ́ gan-an, torí pé inú fọ́nrán rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Òun ni àwọn bàbá wa ń kì sínú ìrọ̀rí àti tìmùtìmù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n kì sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ojú omi rì. Níhìn-ín ní Òkè Ọya pàápàá, àwọn Hausa ń pe igi náà ní rimi. Láyé ogun ẹlẹ́ṣin, wọ́n máa ń fi òwú rẹ̀ kún aṣọ, wọ́n á rán an ní ìlà ìlà kí òwú má baà ṣàn lọ sísàlẹ̀, wọ́n á sì fi wọ ẹṣin kí ọfà àti ọ̀kọ̀ má baà tètè wọlé. Lifidi ni wọ́n ń pè é. Oyè Sarkin Lifidi ṣì wà títí dòní ní àwọn ìlú bíi Kano. Nígbà tí Eddie Bauer ní Amẹ́ríkà gbé jákẹ́ẹ̀tì ìhùhù tirẹ̀ jáde ní ọdún 1936, rírán ní ìlà ìlà náà ló lò kí ìhùhù má baà kó jọ sójú kan. Àwọn tó ń rán lifidi ti mọ ìyẹn tipẹ́tipẹ́.

Ìró náà ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà wa máa ń hun kíjìpá, wọ́n á fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á fi bora lóru. Tí ẹ bá fi ìró kan bora, ó tín-ín-rín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn, afẹ́fẹ́ á wà láàárín èkíní àti èkejì, á tún wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Tí òtútù bá pọ̀, ẹ lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá dín, ẹ ká ọ̀kan kúrò. Ẹni tó ní búláńkẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di kó máa làágùn tàbí kó máa gbọ̀n. Ìró mẹ́ta tún rọrùn láti fọ̀, wọ́n á gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbí ta ni nínú wa ló ti fọ búláńkẹ́ẹ̀tì onírun rẹ̀ láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má dáhùn o.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń rin igbó kíyè sí. Tí ènìyàn bá fi aṣọ wé ara yípo, apá tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, kò ní wúlò mọ́. Torí náà, àwọn kan nínú wọn pa àpò ìsùn tì, wọ́n ń lo aṣọ ìbora tó bo òkè nìkan, wọ́n wá wá nǹkan tó dára tẹ́ sábẹ́. Ọgbọ́n yẹn wúlò fún wa. Púpọ̀ nínú òtútù tó ń mú wa ò wá láti òkè, abẹ́ ló ti ń wá, torí pé fóòmù wa ti rí pẹlẹbẹ, irin bẹ́ẹ̀dì sì tutù bí omi àmù. Dípò tí ẹ fi máa ká búláńkẹ́ẹ̀tì yípo ara yín bí ẹ̀kọ inú ewé, ẹ tẹ́ ẹní tàbí páálí sábẹ́ fóòmù yẹn, kí ẹ sì fi gbogbo aṣọ bo òkè. Ẹ dé fìlà, ẹ wọ sọ́ọ̀kì. Ẹ má sì fi aṣọ tó tutù sùn.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo náà ò mọ sórí ibùsùn. Àwa la ń gbé ẹrù yìí. Láti ìdí ọkọ̀ dé gẹ́ẹ̀tì, láti gẹ́ẹ̀tì dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọmọ JS1 tí kò ju ọmọ ọdún 10 lọ á gbé àpótí, á gbé búkẹ́ẹ̀tì, á gbé gààrí, á tún wá gbé báàgì búláńkẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ú lọ. Tí a bá sì fẹ́ lọ ìrìn àjò ẹ̀kọ́ tí a máa sùn, bóyá Omi Gurara tó wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí tàbí Òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ta ló máa gbé kílò 4 gun òkè?

Ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Emma Gatewood, ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní ọdún 1955, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 67, tó ti bí ọmọ 11, ó dá rin ọ̀nà òkè tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 3,000. Kò ní àpò ìsùn, kò ní àgọ́. Àpò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká kan, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì sójà kan àti kọ́tìnnì báluwẹ̀ onírọ́bà tó ń fi bo ara tí òjò bá ń rọ̀. Ó rin ín dé òpin. Ẹrù kékeré kò ní kó má débi tó ń lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní búláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo máa ń jẹ́ kí oorun kunni, ó dà bíi pé ẹnì kan di ènìyàn mú. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ẹni tó bá wù, kó máa lò ó, n kò ní kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn míì á ní ó máa ń pẹ́ kó tó gbó. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́, duvet olówó pọ́ọ́kú lè tú láàárín ọdún kan. Mo sì tún gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ pé ìwé ẹrù kan náà fún gbogbo ènìyàn ló ń jẹ́ kí a dọ́gba. Ìyẹn ni n kò gbà. Ìwé yẹn kò mú wa dọ́gba. Ó sọ ohun tí owó ń rà di òfin, ó wá fi ẹni tí kò ní i hàn fún gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Fún ẹni tí òbí rẹ̀ máa ra tuntun, duvet fífúyẹ́ tí wọ́n fi pọlísítà kún ni mo fara mọ́. Kò wú tó ìhùhù, ṣùgbọ́n omi kì í bà á jẹ́, ó sì máa ń tètè gbẹ. Bó bá jẹ́ Ọjà Kure lẹ ti fẹ́ rà á, tàbí nínú òkìríkà, ẹ fi ọwọ́ yín dán an wò. Ẹ fún un pọ̀, kí ẹ fi sílẹ̀. Tó bá wú padà kíá, ó dára. Tó bá dùbúlẹ̀ bí ẹ̀bà àná, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an: tí ìlà rírán bá jìnnà síra jù, ohun inú rẹ̀ máa kó lọ sí igun kan. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo bóyá ibì kan ti ṣófo. Ẹ rí i pé ó bò yín láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí kò sí lára lébẹ́ẹ̀lì kankan: ṣé ó máa wọ inú búkẹ́ẹ̀tì mi? Èyí tí kò bá wọ búkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní fọ̀ ọ́ títí ẹ máa fi jáde.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn aláṣẹ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹrù padà sí "aṣọ ìbora tó tó fún òtútù, tí ọmọ lè dá gbé, tó sì lè dá fọ̀". Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìró mẹ́ta náà tó. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe máa tu màmá kan nínú nígbà tó bá dúró sọ́jà tó ń ka owó ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá, àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àwọn àgbà yẹn ni mo ń fẹ́. Tí a bá lọ ìsinmi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ màmá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ fún ògbólógbòó ìró kan. Kí a gbà á láyè lọ́wọ́ olùkọ́ Home Economics, ká fi ìró méjì pọ̀, ká tẹ́ súwẹ́tà gbígbó tàbí aṣọ rírọ̀ sáàárín, ká rán an ní ìlà ìlà bíi lifidi. Kí a ní díẹ̀ nílẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó dé, fún ọmọ JS1 tí kò bá ní nǹkan kan. A ò ní béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbà á.

Ẹ̀yin sẹ́níọ̀ wa, ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá ọ̀rọ̀ "ọmọ ìró" dúró. Tí sẹ́níọ̀ kan bá fi ìró bora ní alẹ́ ọjọ́ kan péré lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ yẹn á kú. Ọyẹ́ ò tíì lọ. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn ọmọ kékeré fi máa gbọ̀n nítorí ojú tì wọ́n. Ìró ti pọn gbogbo wa dàgbà. Kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.